Bọ̀dá Oníná

Bẹ́ ẹ bá ń kọjá ní Àjárá, ní Àgbádárìgì, lóru, tẹ́ ẹ rí ìmọ́lẹ̀ pupa, aró àti àwọ̀ ewé tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yọ, ẹ má sáré lọ pe wòlíì. Bọ̀dá Oníná ló ń gbá géèmù. Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀ báyìí.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń gbóná. Bí ìjà inú géèmù bá le, ẹ̀rọ á máa wọ́ nílẹ̀, torí prósẹ́sọ̀ tó bá ti gbóná tó nǹkan bíi 95 sí 100 Celsius a máa dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ó bá wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà, ọjà kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ ra kúlà. Ọlọ́jà bi í:

"Bọ̀ọ̀sì mi, prósẹ́sọ̀ wo lẹ ń lò? Báwo ni kéèsì yín ṣe fẹ̀ tó?"

"Ìyẹn kọ́. Ṣé ó ń tàn?"

"Ó ń tàn, sà."

"Àwọ̀ mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ dì í."

Peerless Assassin 120 SE ti Thermalright ni, aláràbarà. Èyí tí kì í tàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọ̀pá bàbà mẹ́fà kan náà, fáànù méjì kan náà, owó rẹ̀ sì kéré sí i. Inú ọ̀pá yẹn ni iṣẹ́ wà. Omi díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ á hó, á gbé ooru lọ sára àwọn irin pẹlẹbẹ, fáànù á fẹ́ ẹ dànù. Iná ò sí nídìí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ fi Noctua NH-D15 hàn án, ògbóǹtarìgì kúlà tí fáànù rẹ̀ láwọ̀ bíi tìmùtìmù bàbá àgbà, á ní kí wọ́n má fi ṣe òun ní yẹ̀yẹ́.

Kúlà náà ga ní 155 mìlímítà. Kéèsì rẹ̀ ò gbà ju 140 lọ. Ìdérí ò pa dé mọ́. Ó ní òun dìídì ṣí i sílẹ̀ kó lè máa mí ni. Kòkòrò ń wá wo iná, ọmọńlé ń wá wo kòkòrò. Kí iná lè yọ dáadáa, ó ti fèrèsé pa, ó ta kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀ kò sí kúlà afẹ́fẹ́ tó lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níta. (Òótọ́ ni pé iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin, ẹ sáà wo páànù ilé etí òkun, ṣùgbọ́n ti iyọ̀ kọ́ ni Bọ̀dá ń rò.) Ìyá rẹ̀ ti ọjà Agbálátà dé, ó yọjú: "Ṣé Kérésì ti dé ni, ìwọ ọmọ yìí?"

Níjọ́ tó fẹ́ tún wáyà tò, ó fi tipátipá ti wáyà iná kúlà, tó ń fẹ́ fóòtì 5, bọ ojú fóòtì 12. Iná kú fin-ín. Fáànù ń yí, prósẹ́sọ̀ tutù, géèmù ń sáré. Bọ̀dá ní kúlà ti bàjẹ́, ó ń tọ́jú owó òmíràn.

Bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ tètè lọ ra èyí tó "bàjẹ́" yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní àléébù kankan.