Fóònù Ní Ọpọlọ Mi Ti Pé Ọgọ́rin Ọdún

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí. Nọ́ọ̀sì ni, ní ìlú Leeds, àwọn arúgbó ló sì ń tọ́jú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aláìsàn ni lójú tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo fẹ́ kí ọmọ rẹ̀, mo ní, "Kúdírátù... Ràṣídì... Ṣàkírù... ìwọ yìí!" Òbí wo ló wà nílẹ̀ Yorùbá tí kì í ka orúkọ gbogbo ilé tán kó tó kan ẹni tó ń pè? Bàbá tèmi a máa fi orúkọ àgbò iléyá kún un. Ṣùgbọ́n ọmọ mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o."

Bó ṣe ní kí wọ́n gbé géèmù sórí fóònù mi nìyẹn, èyí tí wọ́n ní ó ń jí ọpọlọ àgbàlagbà. Àwòrán á yọ, á pòórá, wọn á ní kí n sọ ohun tí mo rí. Àkọ́kọ́ tó yọ, ẹ̀rọ tí òyìnbó fi ń yan búrẹ́dì. Ibo ni mo ti mọ̀ ọ́n? Búrẹ́dì tèmi, inú ẹ̀wà ló ń lọ tààrà. Mo ta á tán, fóònù ní ọpọlọ mi ti pé ọgọ́rin ọdún. Èmi ẹni 68! Àtìgbà náà nìyàwó mi ti ń pè mí ní Bàbá Ọlọ́gọ́rin.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé èsì yìí ń lọ bá a ní Leeds. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, kì í sùn. Bí mi ò bá ta géèmù lánàá, ìpè rẹ̀ á wọlé kí n tó kírun Sùbúì tán.

Ó ní wọ́n ti ṣèwádìí irú géèmù bẹ́ẹ̀. Mi ò jiyàn. Ní 2013, Adam Gazzaley àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n kó àwọn ẹni 60 sí 85 ọdún jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa wa mọ́tò nínú kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà oníkọ́nà, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnì bí àmì kan bá yọ. Wákàtí 12 láàárín oṣù kan, àwọn àgbà yìí ti ń ṣe é ju ẹni ogún ọdún tí kò fọwọ́ kàn án rí. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, kò tíì kúrò lára wọn.

Wíwa mọ́tò! Èmi tí mo fi ìgbà ọ̀dọ́ mi gbérò láti Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin dé Ọ̀fà! Kòtò ń bẹ níwájú, ewúrẹ́ ń dábùú ọ̀nà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ọlọ́pàá ń nawọ́, ìyá kan ń pariwo "Ó wà o!" lẹ́yìn, kọ́ńdọ́ sì ti sá lọ, èmi náà ni mo tún ń ṣírò owó. Bí ṣéńjì ò bá sí, màá so ìyá ẹlẹ́ja pọ̀ mọ́ ọmọ Poly: "Owó yín rèé, ẹ jọ lọ ṣẹ́ ẹ." Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí mi, títí kan ẹni tó fẹ́ yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láìsanwó. San Francisco ò mọ̀ mí ni.

Mo sì fẹ̀yìn tì, mo wá dé ìdí ọpọ́n ayò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48. Ojú lo ó fi ka odù ẹni tí ẹ jọ ń ta, kó o ro ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa já sí, kí àwọn òǹwòran sì máa bú ẹ. Bó o bá ṣì í ta báyìí, òpè ni wọ́n á máa pè ẹ́ títí dìgbà Ìṣáì. Fóònù ńkọ́? Bí mo bá kùnà, ìràwọ̀ á máa já, àtẹ́wọ́ á máa dún. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún òpè, ṣé ó fẹ́ kó gbọ́n ni?

Gbogbo àwọn tó ń ta géèmù ọpọlọ yìí kọ́ ló tiẹ̀ jẹ́ olóòótọ́. Ní oṣù kìíní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó ni Lumosity, torí wọ́n ń polówó pé géèmù àwọn ń dènà ìgbàgbé, ẹ̀rí ò sì tó.

Èmi náà kúkú ní ìwádìí tèmi. Ní 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ẹni 65 ọdún sókè ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ní 2001 wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, àwọn tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú lọ́dún jẹ́ 1.15 ní Ìdíkàn, 2.52 lọ́hùn-ún. Mi ò ní ayò ló fà á, àwọn dókítà náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù orí fóònù kọ́ o, torí ọdún 2001 yẹn gan-an ni GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà.

Ta ni màá sọ ọ́ fún? Mo bá gbé fóònù fún ọmọṣẹ́ onítáyà ẹ̀gbẹ́ wa, kó máa bá mi ta á. Ọpọlọ mi di ti ọmọ ọdún 21. Ariwo ayọ̀ sọ ní Leeds! Ó ti fi fọ́tò mi han gbogbo ibi iṣẹ́ wọn. Ló bá ní bí orí mi ṣe wá jí pépé yìí, kí n kúkú máa bójú tó ilé tó ń kọ́ ní Tánkè: kí n máa ka bíríkì, kí n máa ka símẹ́ńtì, kí n fi ìṣirò ránṣẹ́ ní gbogbo alẹ́.

Ọmọṣẹ́ yìí náà ti wá rí ibi di mí mú. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ló ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó di owó. Lánàá ó ní dátà ti wọ́n, ₦500 ni lóòjọ́, bí mi ò bá san án, òun á dá ọpọlọ mi padà sí ọgọ́rin. Mo dúnàá-dúrà títí, kò gbà. Ó ní kí n dá òun lóhùn kí wọ́n tó kírun Alásárì.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ₦500 tó lè yá mi?