Ìjàpá Sọ Ara Rẹ̀ Di Ẹyọ Kan

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Àjànàkú.

Ní igbó Ọmọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ìjọba sọ di igbó ọba láti 1925, tí UNESCO sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, erin kò ju ìwọ̀nba lọ mọ́. Oníkòkó àti onígẹdú ti gé igbó mọ́ wọn lórí. Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀wọ̀! Bí Erin bá yàgbẹ́, ọ̀mọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi tépù wọn ìgbẹ́ náà, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀lé e, kámẹ́rà ń ṣọ́ ọ lára igi. Ó wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbẹ̀ kan. Àgbẹ̀ sunkún dé ọ́fíìsì, wọ́n ní kó lọ kọ lẹ́tà.

Ìjàpá ní, "Bàbá Erin, kí lẹ ṣe tí wọ́n fi ń náwó lé yín lórí báyìí?"

Erin mí kanlẹ̀. "A ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tá a pọ̀ bí eèrà, ta ló náwó lé wa? Ìgbà tá a ń tán lọ ni wọ́n dé."

Ìjàpá dúpẹ́. Òru ọjọ́ náà ló ti ń fi àsè tan gbogbo ahun lọ sí títì márosẹ̀, ó ń tà wọ́n fún ìyá eléran ìgbẹ́, ó ń kọrin:

Ọ̀pọ̀ kò lówó lórí o,
*Kíńkín!*
Ẹyọ kan là ń ṣọ́ lóru,
*Kíńkín!*
Ahun mélòó ló kù nígbó?
*Kíńkín!*

Yánníbo mọ ọkọ rẹ̀. Ó ti sá lọ sílé bàbá rẹ̀.

Nígbà tó ku Ìjàpá nìkan nígbó, owó dé lóòótọ́. Àwọn ará ọ́fíìsì kọ́kọ́ fi ra jíìpù. Wọ́n ṣèpàdé lórí ahun ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹran ìgbẹ́ sì wà nínú ata tí wọ́n jẹ. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ya àwòrán Ìjàpá sórí pátákó.

Ìjàpá ní, "Tèmi dà?"

Ọ̀gá ọ́fíìsì ní, "Ẹyọ kan kò lè bímọ. Lọ mú ìyàwó wá ná."

Ìjàpá sáré délé àna, ó ń kanlẹ̀kùn. Yánníbo yọjú lójú fèrèsé.

"Abo ahun tó kù láyé, èmi kan ṣoṣo ni. Jíìpù tèmi ńkọ́?"