Ẹ̀rí-Dà, Olóòtú Ọbẹ̀ Ọlọ́bẹ̀

Bí aago méjìlá òru bá ti lù, tí dátà olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀rí-Dà á jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń ṣe fún Wikipéédíà, ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí ẹnikẹ́ni lè tún kọ. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án, ọ̀gá ń jágbe mọ́ ọn, ìyàwó ń rán an lọ ra gáàsì. Lóru, òun ni aláṣẹ.

Oúnjẹ ló yàn láàyò, pàápàá èyí tí kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Bó ṣe bá balut pàdé nìyẹn, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àwọn ará Philippines, tí ọmọ ti ń gbára jọ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Ó tutọ́, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé oúnjẹ tó ń kó àwọn ènìyàn nírìíra ni. Obìnrin Manila kan béèrè pé àwọn ènìyàn wo. Ẹ̀rí-Dà kó ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó tó súnjú kì níwájú kámẹ́rà jáde. Obìnrin náà ní ìyá àgbà òun ló ń kiri balut nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rí-Dà dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: “Ẹ má bínú, mà, ìyá àgbà kì í ṣe ìwé. Ẹ̀rí dà?”

Òfin ni, ẹ má dá a lẹ́bi. Wikipéédíà kì í gba ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, àfi ohun tí ìwé tó ṣeé gbára lé bá tẹ̀ jáde. Òfin yìí wúlò fún ọ̀rọ̀ ogun àti ìdìbò. Bó bá wọ ilé ìdáná, akọ̀ròyìn tó sun ọjọ́ méjì nílùú á di ẹlẹ́rìí, ẹni tó ń sè é láti kékeré á di aláhesọ.

Nígbà tí UNESCO kọ ceebu jën, ìrẹsì ẹlẹ́ja àwọn ará Senegal, mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé ní 2021, Ẹ̀rí-Dà ní ẹ̀rí kò tíì tó. UNESCO o, tí kì í ṣe ìyá àgbà ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo ayé, àfi ìgbà tí ará Glasgow kan kọ ọ́ sí ojú ewé irú pé òórùn rẹ̀ le, tó sì tọ́ka sí ìwé. Òótọ́ ni, ẹni tó bá gbé irú wọ dáńfó rí mọ ojú tí èrò fi ń wò ó. Ẹ̀rí-Dà yọ ọ́. Ará Glasgow dá a padà. Ó tún yọ ọ́. Òfin kò gbà ju ìdápadà mẹ́ta lọ nínú wákàtí 24, òun ló sì máa ń kà á sétí ẹlòmíì, síbẹ̀ ó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ní ìyá tó bí òun ń ṣe irú ní Ìsẹ́yìn! Obìnrin Manila, tó ti ń wòran bọ̀, ló béèrè pé ìwé wo ló wà.

Àwọn alábòójútó Wikipéédíà ti ilẹ̀kùn mọ́ Ẹ̀rí-Dà fún ọjọ́ kan. Ó wọ WhatsApp àwọn tí wọ́n jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì, ó ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá rere lọ ṣí àkáǹtì kí wọ́n gbèjà irú. Mẹ́fà dìde. Ọ̀kan lára wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé bóyá irú wooro ni tàbí irú pẹ̀tẹ̀, nítorí òun ò lè tìtorí irú pẹ̀tẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyẹn ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.