Ọwọ́ Ta Ni Iná Wà?

WÁSÍÙ: Bàbá Rélùwéè! Wọ́n ní àwọn awakọ̀ táńkà fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjà àwa tí à ń ta sólà ti yá nìyẹn!

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Dúró ná, Wásíù. Tíṣà lè daṣẹ́ sílẹ̀ fóṣù mẹ́ta kí ìjọba má mira. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ táńkà tó sọ̀rọ̀ tán, mínísítà ti ń wá a kiri. Kí ló fà á?

WÁSÍÙ: Ṣebí wọ́n lágídí ju tíṣà lọ ni.

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Agídí kọ́, ibi tí wọ́n dúró sí ni. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà tóóró tí iná gbogbo ìlú ń gbà kọjá. Láyé èédú, òṣìṣẹ́ ló kún ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹnìkan á wà á nínú kòtò tí ojú ọ̀gá kì í tó, ẹlòmíràn á kó o sí wágùnù, awakọ̀ ojú irin á gbé e lọ, àwọn ará èbúté á kó o sọ́kọ̀. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá káwọ́ gbera, ilé iṣẹ́ á dákẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́.

WÁSÍÙ: Ẹ̀yin ará rélùwéè, ẹ kì í yé yin ara yín! Ta lẹ wá fi ìyẹn mú rí?

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀! Lọ́dún 1945, ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù ò sì kúrò lójú kan. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, àti àwọn tó ṣáájú wa daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé lóṣù kan. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó kòkó àti ẹ̀pà dé èbúté, èédú Enugu ló sì ń wa ọkọ̀. Nígbẹ̀yìn, ìjọba fi kún owó. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn awakùsà Enugu dẹwọ́ iṣẹ́ láti fi bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní November 18, 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n ní Iva Valley. Èèyàn 21 ló kú.

WÁSÍÙ: Yéè! Nítorí èédú?

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Nítorí ẹnu ọ̀nà yẹn. Àwọn alákòóso London náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí awakùsà gbéná wojú Edward Heath, olórí ìjọba wọn, ó ní kí ilé iṣẹ́ máa lo iná fọ́jọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀. Ó pe ìbò ní February 1974, ipò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Margaret Thatcher, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn náà, rí i, ó ní igi gogoro má gùn mí lójú. Kí ìjà òun àti awakùsà tó dé ní 1984, wọ́n ti to èédú jọ bí òkè sẹ́bàá àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, wọ́n sì tún ń fi epo dáná. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan, awakùsà padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo.

WÁSÍÙ: Àṣé epo ló bà á jẹ́.

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Epo rọ̀bì a máa ti ara rẹ̀ jáde. Páìpù á gbà á, ọkọ̀ òkun á gbé e, òṣìṣẹ́ ò sì tó nǹkan níbẹ̀. Bí èbúté kan bá tilẹ̀kùn, ọkọ̀ á ṣẹ́rí síbòmíràn. Rélùwéè tiwa náà pa èédú tì fún dísù, bí oníbàárà ńlá ṣe bọ́ lọ́wọ́ Enugu nìyẹn.

WÁSÍÙ: Ẹ jọ̀ọ́ ná, Bàbá. Tí epo bá gba agbára lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ti Frank Kokori ńkọ́?

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Ìbéèrè ọmọ àgbà! Epo tí à ń tà sókè òkun ló ń gba páìpù. Bẹntiróòlù tí èmi àtìẹ ń rà, títì ló ń gbà, táńkà ló sì di wágùnù ayé òde òní. Ní July 1994, Kokori àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò June 12 tí ìjọba ológun fagi lé, ìlú sì dúró. Abacha, olórí ìjọba ológun, náà mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà. Ní August, ó tú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ká, ó ti Kokori mọ́lé. 1998, lẹ́yìn ikú Abacha, ló tó rí ìta.

WÁSÍÙ: Ẹ wá rí i pé sólà ló dáa. Oòrùn ò lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ṣọ́jà tó lè tì í mọ́lé.

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Ó dáa fún ẹni tó lówó tó rà á. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ wà lórí òrùlé kan, ọ̀rẹ́ rẹ wà lórí òmíràn. Bí gbogbo yín bá káwọ́ gbera lọ́la, iná ta ni yóò kú?

WÁSÍÙ: Kò sí. Èmi ni ebi á pa.

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Ó ti yé ọ. Oníbàárà gba òmìnira, òṣìṣẹ́ pàdánù ohùn.

WÁSÍÙ: Ṣé ká má dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ mọ́ ni?

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Ẹ dá a sílẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí gbogbo ọjà yín ti ń pàdé. Níbo ni páńẹ́ẹ̀lì ti ń wọlé?

WÁSÍÙ: Láti Ṣáínà ni. Àpápá ló ń gúnlẹ̀ sí.

BÀBÁ RÉLÙWÉÈ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń já ẹrù ní Àpápá ni kẹ́ ẹ lọ bá dọ́rẹ̀ẹ́.