Agídí Kì Í Lu Táìsì

Ahun ló kó mi sí i. Plọ́ḿbà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé bu owó lé ihò mẹ́ta: ọ̀kan lára ògiri yàrá fún páìpù éésì, ọ̀kan nínú táìsì bàlúwẹ̀, ọ̀kan lórí pẹpẹ gíránáìtì ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀rọ omi tuntun máa dúró sí. Mo ní, "Ihò lásán? Ṣé afẹ́fẹ́ lo fẹ́ tà fún mi ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ó yẹ kí n ti fura sí ẹ̀rín yẹn.

Mo ní dírìlì tèmi, èyí tó ní bọ́tìnì òòlù: tí o bá tẹ̀ ẹ́, á máa gbá bó ṣe ń yí. Bíìtì ló kù. Mo gba Òrílé lọ, lọ́jà àwọn ohun èlò ilé. Bíìtì tí wọ́n fi ń lu ihò ńlá ò ní ẹnu ṣóńṣó. Ife irin ló jọ: inú rẹ̀ ṣófo, etí rẹ̀ ló ń gé, ohun tó bá gé á sì wà nínú rẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀. Ọkùnrin tó ń tajà bi mí pé, "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ lu?" Mo ní ògiri. Ó ní, "Ògiri wo?" Mo ka ìbéèrè yẹn sí àfojúdi. Èyí tí eyín káábáìdì ẹ̀ tóbi jù ni mo nawọ́ sí, mo sanwó, mo bá tèmi lọ.

Ohun tó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni pé ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù inṣi mẹ́sàn-án ni ògiri yàrá wa, inú búlọ́ọ̀kù náà sì ṣófo. Mo tẹ bọ́tìnì òòlù, eyín káábáìdì dáwọ́ lé sìmẹ́ǹtì, eruku gbalé, kò pẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ìta fi yọ sí mi. Ìyá Ìbejì ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Orí mi wú. Ó ṣẹlẹ̀ pé ihò éésì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ìta ju inú lọ, kí omi lè máa ṣàn jáde. Tèmi rẹlẹ̀ nínú. Nígbà tí òjò rọ̀ lóru, ihò yẹn ló gbà wọlé, orí ìrọ̀rí mi ló sì ń kán sí.

Mo dí i. Mo bọ́ sókè díẹ̀ láti lu òmíràn, mo sì ṣe kòńgẹ́ líńtẹ̀lì, kọnkéré tí wọ́n dà sórí fèrèsé, tí irin wà nínú ẹ̀. Eyín bíìtì kọ́ irin, bíìtì dúró gbọnin. Dírìlì ò dúró ní tiẹ̀; ọrùn ọwọ́ mi ló yí. Nígbà tí mo fi máa fa bíìtì jáde, ó ti di akáyín.

Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀. Èmi kọrí sí bàlúwẹ̀, torí pé akáyín náà ṣì ní eyín díẹ̀, ìnákúnàá ò sì dára. Mo gbé e lé táìsì, mo tẹ bọ́tìnì òòlù. Táìsì sán láti àárín dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo kó àfọ́kù ẹ̀ padà sí Òrílé. Ọkùnrin náà yí i dojú bolẹ̀, ó fi ìka kán omi sí ẹ̀yìn ẹ̀. Omi jókòó síbẹ̀. Ó mú àfọ́kù mìíràn, èyí tí ara ẹ̀ pupa, ó kán omi sí i. Táìsì fà á mu lójú wa. Ó ní, "Pọ́sílíìnì ni tiyín, Ọ̀gá. Kì í mumi." Pọ́sílíìnì kì í fa omi tó ju 0.5 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lọ, nígbà tí táìsì ògiri lásán lè fà tó ju 10 lọ. Ó ki débi pé ìgbá ló ń fọ́ ọ. Bíìtì dáyámọ́ńdì ló ń gé e, pẹ̀lú yíyí nìkan, láìsí òòlù rárá. Ọkùnrin náà ní kí n máa bu omi sí i, kí n sì kọ́kọ́ lu ihò sára pákó pẹlẹbẹ kan kí n fi há bíìtì náà, torí pé kò ní ohun tó máa dì í mú láàárín.

Mo ra bíìtì dáyámọ́ńdì náà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ omi, mo rántí iná mànàmáná, mo pa ti omi tì. Ti pákó, ọ̀lẹ ni mo fi pa á tì. Bíìtì náà bá fò kúrò lójú àmì, ó sá eré kọjá lórí táìsì tuntun, ó ń fá a lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ dígí. Nígbà tó rí ibi dúró, èéfín yọ. Hóró dáyámọ́ńdì wínníwínní tó wà létí ẹ̀ ti lọ, irin dúdú ló kù.

Fún ti gíránáìtì, mo kàwé. Ará Jámánì kan, Friedrich Mohs, ló gbé òṣùwọ̀n líle òkúta kalẹ̀ ní 1812: dáyámọ́ńdì ni 10, kúọ́ọ̀tì tó wà nínú gíránáìtì jẹ́ 7. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Mo lọ bá ọkùnrin Òrílé, mo ní kó fún mi ní bíìtì dáyámọ́ńdì tó le jù nínú ìsọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dá a lẹ́nu. Mo yá dírìlì oníbátìrì. Mo há bíìtì sínú pákó. Mo fi abẹ́rẹ́ lu ojú píọ̀ wọ́tà, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì dì í mú, ó ń kán an sí i. Mi ò ṣe àṣìṣe kankan, bíìtì náà sì gé wọlé díẹ̀, ó dákẹ́. Ó ń yí, omi ń kán, kò gé mọ́. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń dán sí i ni.

Ìyá Ìbejì ti pe plọ́ḿbà láìsọ fún mi. Ọmọ náà gba bíìtì, ó fi àtàǹpàkò pa á létí. "Dádì, ó ti kú." Ó jáde lọ síbi búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó lu ọ̀kan díẹ̀, ó padà wọlé, bíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Àlàyé tó ṣe bà mí lójú jẹ́. Irin tó di hóró dáyámọ́ńdì mú gbọ́dọ̀ máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, kí hóró tuntun lè máa yọjú. Iyanrìn búlọ́ọ̀kù máa ń họ irin yẹn kíákíá, ìdí nìyẹn tí bíìtì búlọ́ọ̀kù fi ń fẹ́ irin líle. Gíránáìtì kì í họ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Hóró tó wà níta á kú, irin á sì bo ti inú mọ́lẹ̀. Òkúta tó bá le, bíìtì tí irin rẹ̀ rọ̀ ló ń fẹ́. Èmi ti sanwó lé èyí tó le jù, mo sì tún dá ọkùnrin tó fẹ́ sọ fún mi lẹ́nu.

Ó ń gbé bíìtì sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí omi ráyè wọlé, ó sì dẹwọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí ó yọ, kí abẹ́ òkúta má baà fọ́. Mo bi í pé èló ni. Ó ní kò gbowó, kí n kàn fi bíìtì yẹn ta òun lọ́rẹ. Bíìtì yẹn nìkan ju owó tó kọ́kọ́ bù lé ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Mo wo ọrùn ọwọ́ mi tó wú, mo fún un.

Ó fi sápò, ó tún dúró. "Dádì, èyí tó káyín yẹn ńkọ́?"