Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Ọjà Tí N Kò Tíì Tú

Kí n tó tú ọjà náà ni mo ti fún ọlọ́jà ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Ojúlówó ọjà, ẹ ṣeun," mo kọ ọ́ báyẹn. Inú mi ló dùn pé ọlọ́kadà tó gbé e wá kò sọnù lọ́nà.

SSD, ibi ìkó-fáìlì-sí pẹlẹbẹ fún lápútọ́ọ̀pù, ni mo rà. Tèmi ti lọ́ra débi pé bí mo bá tàn án, mo lè wẹ̀, kí n jẹun, kí n bá ìyàwó mi ṣe gbólóhùn asọ̀ kó tó ṣí. Owó tí ọlọ́jà yìí ń pè kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ní Òtìgbà, n'Íkẹjà. Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Páálí rẹ̀ ń dán, wọ́n sì kọ ínṣì 3.5 gàdàgbà sí i lára. Ta ló ń ka páálí? Ínṣì 2.5 ni àyè inú lápútọ́ọ̀pù mi. Hard disk tí mo yọ jáde nínú páálí dípò SSD nípọn ju lápútọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ lọ, mo bá gbà pé wọ́n fi ènì sí i ni. Mo tú abẹ́ ẹ̀rọ, mo ń tì í, mo ń làágùn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò?"

Mo ní kó fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún àwa tó mọ̀ ọ́n. Tíṣà kọ̀ǹpútà ni ìyàwó mi.

Nígbà tí kò wọlé, mo gbé e lọ s'Ótìgbà. Ọmọkùnrin kan níbẹ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Windows kò rí fáìlì kankan nínú rẹ̀. Mo kígbe: "Ẹ ò rí i! Tuntun ni!"

"Dádì, inú ẹ̀rọ kámẹ́rà CCTV ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí ìyẹn ṣe ń kọ nǹkan pamọ́ ni Windows ò lè kà." Ó ṣí CrystalDiskInfo, áàpù tí wọ́n fi ń yẹ dísíìkì wò: ó lé ní wákàtí 31,000 tí iná ti wà lára rẹ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Ó ti ṣọ́ ilé onílé tọ̀sán-tòru fún ọdún mẹ́ta àbọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ló kù tí wọn ò tíì san fún un.

Mo pe ọlọ́jà, mo fi ìbínú sọ̀rọ̀ títí. Ó ní kí n fara balẹ̀, ó wá ka ọ̀rọ̀ mi sí mi létí: "Ojúlówó ọjà, ẹ ṣeun." Ó pa fóònù.

Ọmọkùnrin yẹn ní òun lè rà á, pé oníbàárà òun kan ń wá ti kámẹ́rà. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:

"Dádì, páálí ẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní mo ti jù ú nù.

"Tó bá wà ni, mi ò bá fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e."

Mo ní kó dúró ná. Mo pe ìyàwó mi pé kó bá mi wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.