Ìjàpá Gba Orúkọ Rẹ̀ Padà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ Ahun. Ìpetumodù ló ń gbé, ìlú amọ̀kòkò, nígbà tí ibẹ̀ kò tíì di olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni Ìjàpá ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu aráyé. Ẹ̀gbọ́n jẹran tán, ó ju eegun sí àbúrò: "Ahun!" Ọ̀rẹ́ gbé àwo ẹ̀wà sá wọ yàrá: "O ń ṣahun sí mi!" Ẹ̀yin náà ń sọ ọ́. Àmọ́ tálákà kì í ṣe ahun o, ẹni tó ń ṣọ́wó ná kì í sì í ṣe ahun. Ẹni tó ní nǹkan nílé, tí ọwọ́ rẹ̀ wá di mọ́ ọn gírígírí, òun là ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá fẹjọ́ sun Erin. "Kábíyèsí, wọ́n bà mí lórúkọ jẹ́."

Erin ní kò burú: kó se ìkòkò ọbẹ̀ kan fún gbogbo ẹranko. Bí wọ́n bá yó, òun yóò gba orúkọ náà kúrò lẹ́nu aráyé.

Ìjàpá bá gba ọ̀dọ̀ Àgbébọ̀ amọ̀kòkò lọ. "Ìyá, ẹ bá mi mọ ìkòkò kan. Kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jìn."

Àgbébọ̀ wò ó títí. Ó fẹsẹ̀ ha amọ̀ jáde, ó pò ó, ó ń yí i po, ó ń fi àgógó dán etí rẹ̀. Nígbà tó sun ún tán, láti ẹnu dé ìdí kò ju oríkèé ìka méjì lọ.

"Owó ńkọ́?"

"Tí mo bá jàre, Ìyá."

Ọjọ́ pé. Ẹranko Ẹdúnàbọ̀n dé. Ti Yàkóyó dé. Ẹni tó bá fetí sí orúkọ ìlú wọn á mọ̀ pé wọn ò wá ṣeré. Ìjàpá gbé orin:

Lílé: Ẹ gborúkọ mi fún mi o
Ègbè: Ìkòkò ńkọ́?
Lílé: Ọwọ́ mi kì í di rárá o
Ègbè: Ìkòkò ńkọ́?
Lílé: Ẹ wẹnu rẹ̀ bó ti fẹ̀ tó
Ègbè: Ìkòkò ńkọ́?

Ọ̀kẹ́rẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́, èékánná rẹ̀ ró kó! nídìí ìkòkò. Ewúrẹ́ lá a lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí ọ̀nà ilé. Ìjàpá ní, "Ẹ rọra, ọbẹ̀ ṣì pọ̀." Ó wá kan Erin. Bó ṣe ti ọwọ́jà bọ inú rẹ̀ báyìí, ìkòkò fọ́ yángá.

Ìjàpá figbe ta: "Kábíyèsí, ẹ ó san owó ìkòkò mi!"

Àgbébọ̀ wúkọ́ lẹ́yìn èrò. "Ìkòkò ta ni?"

Erin nu ọwọ́jà rẹ̀. "Ìjàpá, orúkọ rẹ lo ní ká gbà fún ọ. A ti gbà á. Gbé e relé."

Owó Àgbébọ̀ kò tíì jáde di òní. Bí ẹ bá rí i tó ń ha ilẹ̀ kiri lẹ́yìnkùlé yín, ẹ má lé e. Gbèsè ló ń wá.